Láti orí bébà dé ilé ìtẹ̀wé: bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè ṣe magasíìnì tó ṣe é kà

Tí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe magasíìnì fún iṣẹ́ kíláàsì, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á tan kọ̀ǹpútà, wọ́n á ṣí Canva tàbí CorelDRAW, àwọn ètò tí wọ́n fi ń to àwòrán àti ọ̀rọ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọ́ǹtì tó rẹwà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà nínú ìpinnu: ta ló máa kà á, kí ló máa wà lójú-ewé wo, èwo la máa yọ dànù bí ó tilẹ̀ wù wá. Kọ̀ǹpútà kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe ìyẹn.

Màá mú àpẹẹrẹ kan lò látòkè délẹ̀. Ká ní ẹ̀yin mẹ́rin lẹ wà nínú ẹgbẹ́ kan ní Mass Comm, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, ní Ìbàdàn. Olùkọ́ ní kẹ́ ẹ ṣe magasíìnì olójú-ewé 16 ní èdè Yorùbá, ní ìwọ̀n A4. Ẹ fẹnu kò pé oúnjẹ bùkà lẹ máa kọ nípa rẹ̀, ẹ sì sọ magasíìnì náà ní Gbẹ̀gìrì. Orúkọ tó dáa ni, ó kúrú, ó sì ń mú kí itọ́ máa yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀, a máa tó débẹ̀.

Ta ló máa kà á?

“Gbogbo èèyàn” kì í ṣe ìdáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé họ́sítẹ́lì, tó ń wá ibi tí àmàlà ti ń yóni láìjẹ́ pé owó oṣù tán lọ́jọ́ kan, kò jọ ìyá ọlọ́mọ tó ń wá oúnjẹ tí ọkọ rẹ̀ tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè jẹ. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ iye owó, àpèjúwe ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ṣókí àti àwàdà. Ìkejì ń fẹ́ lẹ́tà tó tóbi díẹ̀, àlàyé tó ṣe kedere àti ẹni tó mọṣẹ́ dunjú láti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ mú ọ̀kan. Ẹ kọ ẹni náà sílẹ̀ ní ìlà mẹ́ta péré, kí ó máa wà níwájú yín nígbàkigbà tí àríyànjiyàn bá dé, torí pé yóò dé.

Lẹ́yìn náà, jáde lọ sí ibi tí fẹ́ńdọ̀ ti ń tẹ́ ìwé ìròyìn ká, láàárọ̀, nígbà tí àwọn tó ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́ bá ti pé jọ, tí wọ́n ń jiyàn òṣèlú láìra ẹyọ kan. Wo ibi tí ojú wọn kọ́kọ́ ń lọ. Ìwé tí wọ́n bá pọwọ́ lé láti gbé, bi ara rẹ léèrè ohun tó fà á: ṣé ojú èèyàn tó wà níbẹ̀ ni, ṣé àkọlé ni, ṣé àwọ̀ ni? Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ pé kí ẹ kó ọ̀rọ̀ pàtàkì sí ìdá kan nínú mẹ́ta lápá òsì èèpo iwájú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìmọ̀ràn yẹn ti bá wọn mu, torí pé orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù wọn, magasíìnì kan máa ń bo èkejì, apá òsì nìkan ló máa ń yọ síta. Níbi tí fẹ́ńdọ̀ bá ti tẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀ gbalaja, gbogbo èèpo ló ń hàn. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti máa ta tiyín kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, títí kan tèmi.

Tí ilé ìkàwé yín bá ní ẹ̀dà Atọ́ka àtijọ́, magasíìnì eré aláwòrán tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ẹ yá a wò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ti ìtàn síwájú, tí ojú òǹkàwé kì í fi í ṣìnà láti àpótí kan sí èkejì.

Ìwé pélébé ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́

Mú bébà A4 mẹ́rin. Tò wọ́n lé ara wọn, ṣẹ́ wọn po láàrin, kí o fi pínnì gún ẹ̀yìn wọn. Ìwé kékeré olójú-ewé 16 ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú-ewé láti 1 dé 16, lẹ́yìn náà kí o tú u palẹ̀. Wàá rí i pé bébà tó wà níta gbangba ni 1 àti 16 wà, 2 àti 15 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bébà èyíkéyìí tí o bá mú, tí o bá ro nọ́ńbà méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan pọ̀, 17 ni. Nípa báyìí, ohun méjì ti yé ọ láìsí pé ẹnikẹ́ni là ọ́ lóye. Àkọ́kọ́, ojú-ewé magasíìnì tí wọ́n fi pínnì dì gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sí olójú-ewé 14, kò sí olójú-ewé 18. Ìkejì, 8 àti 9 nìkan ni ojú-ewé méjì tó wà lórí bébà kan náà tí wọ́n sì kọjú sí ara wọn. Ibẹ̀ ni kí fọ́tò ńlá tó gba ojú-ewé méjì wà. Tí o bá gbé e sí 6 àti 7, bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa fi tẹ̀ wọ́n, ó sì ṣeé ṣe kí apá ìyá alámàlà rẹ má bá èjìká rẹ̀ mu.

Nínú ìwé kékeré yìí ni kí ẹ ti fi pẹ́ńsù pín iṣẹ́. Èèpo iwájú ni 1. Ìpolówó ọjà máa ń wà ní 2, 15 àti 16, torí pé àwọn tó ń polówó fẹ́ràn ibi tí ìwé ti ń ṣí àti ibi tó ti ń padé. Àtòjọ àkóónú àti ọ̀rọ̀ olóòtú á wà ní 3. Ìròyìn kéékèèké ní 4 sí 7. Àkànṣe ìtàn ní 8 àti 9. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní 10 àti 11. Bí wọ́n ṣe ń se gbẹ̀gìrì gan-an ní 12 àti 13, kí ẹni tó fẹ́ gbé e sílé ìdáná lè ṣí i kalẹ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí ìwé. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé ní 14.

Ẹ má ṣe kọjá ibí yìí títí gbogbo yín á fi gbà. Ẹni tó bá ní “ẹ jẹ́ ká ṣì máa ṣe é, a máa mọ̀ tó bá yá” ni ẹni tó máa ní ojú-ewé òfìfo lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ tó máa wọ ibẹ̀

Lórí A4 olópòó mẹ́ta, pẹ̀lú àkọlé àti fọ́tò tó jọjú, nǹkan bí 450 ọ̀rọ̀ ni ojú-ewé kan lè gbà kó má baà fún. Sọ iye yìí fún òǹkọ̀wé kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó kó 1,200 ọ̀rọ̀ wá fún ojú-ewé kan kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bó ti wù kí ó mọ̀wé tó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù, gé ọ̀rọ̀. Má ṣe dín ìwọ̀n lẹ́tà kù. Olóòtú ni kó gé e, kì í ṣe ẹni tó ń to ojú-ewé.

Ẹ tún fẹnu kò lórí àkọtọ́. Ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni kí ẹ tẹ̀ lé: ayé, kì í ṣe aiye, ọ̀nà, kì í ṣe ọ̀nnà. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń fa àríyànjiyàn sórí bébà kan: ṣé “ilé-ẹ̀kọ́” ni tàbí “ilé ẹ̀kọ́”, ṣé “fọ́tò” lẹ máa lò tàbí “àwòrán”, ṣé nọ́ńbà lẹ máa fi kọ iye owó àbí ọ̀rọ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ó rí bẹ́ẹ̀ láti 1 dé 16. Olùkọ́ tó ń gba máàkì sílẹ̀ máa ń rí ìyàtọ̀ yẹn kí ó tó rí fọ́tò yín tó rẹwà.

Orúkọ àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sórí orúkọ wọn, ẹ má fi ti ara yín sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò ní bùkà: “Ẹ jọ̀ọ́, mà, báwo lẹ ṣe ń pe orúkọ yín?” Kí ẹ sì gbà á sórí fóònù, kí ẹni tó ń to ojú-ewé lè gbọ́ ọ.

Fọ́ǹtì àti àmì ohùn

Ibí yìí ni ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ lókè òkun kò ti lè ràn yín lọ́wọ́, torí náà màá fara balẹ̀.

Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Á, à, í, ì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ lẹ́tà náà, á wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí fọ́ǹtì kan fi lè kọ “ilá” dáadáa, kó wá dé “ọ̀gẹ̀dẹ̀” kí àmì náà ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kí àpótí òfìfo yọ jáde, tàbí kí lẹ́tà kan ṣoṣo yí padà sí fọ́ǹtì mìíràn láàrin ọ̀rọ̀. Kí o tó gba fọ́ǹtì kan láàyè nínú magasíìnì, kọ gbólóhùn yìí pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́tà kékeré àti lẹ́tà ńlá: “Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlá jẹ ẹ̀kọ, ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó yó?” Fẹ̀ ẹ́ títí lójú kọ̀ǹpútà, kí o sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Noto Sans, Noto Serif, Charis SIL àti Gentium máa ń yege, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì alárà tí wọ́n ń pín kiri kì í yege. Má gbìyànjú láti fi ọwọ́ tún àmì rẹ̀ tò lọ́kọ̀ọ̀kan; wá òmíràn.

Ohun èlò náà ṣe pàtàkì. Tí o bá ń lo InDesign, ètò tí wọ́n fi ń to ojú-ewé, yan World-Ready Paragraph Composer kí àmì lè jókòó dáadáa. Tí owó kò bá sí, Scribus jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n rí i pé 1.6 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni, torí àwọn ti ìgbà 1.4 kò mọ bí wọ́n ṣe ń to àmì lé lẹ́tà. Canva dára fún èèpo iwájú àti páálí ìpolówó, èmi ò ní fi to ojú-ewé 16 tí ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé máa fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, wọn ò ní dọ́gba. Ẹnì kan á kọ ẹ pẹ̀lú àmì kínkín nísàlẹ̀, ẹlòmíràn á lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, e̩. Lójú lásán wọ́n jọra, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò kà wọ́n sí ọ̀kan, tí o bá wá “ẹ̀wà” nínú fáìlì, ìdajì rẹ̀ kò ní jáde. Lo Find and Replace kí gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan kí o tó da ọ̀rọ̀ sójú-ewé.

Àmì orí àti àmì ìdí tún ń jẹ àyè. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní 9.5 póìǹtì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn lẹ́tà) lè dúró lórí ìlà tó jìnnà síra ní 11.5. Ti Yorùbá, fún un ní 13.5 tàbí 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì ìdí ọ̀ tó wà lókè á máa kan àmì orí ẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Pa hyphenation náà, ìyẹn gígé ọ̀rọ̀ sí méjì ní ìparí ìlà: òfin èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà máa fi gé ọ̀rọ̀ rẹ, ó sì lè gé “gbogbo” sí “gbog-bo”. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ dọ́gba lápá òsì, kí apá ọ̀tún wà bó ṣe wà. Tí o bá fipá mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba nínú òpó tóóró, àlàfo ńláńlá á ṣí sílẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀.

Wàyí o, orúkọ magasíìnì. Kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, GBẸ̀GÌRÌ, kí o sì wò ó: àmì mẹ́ta ló yọ lókè, ọ̀kan yọ nísàlẹ̀, lẹ́tà yòókù sì dúró láàrin. Kí àmì má baà kọjá etí bébà, o ní láti dín ìwọ̀n lẹ́tà náà kù, orúkọ á sì di kékeré lórí èèpo. Kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré, gbẹ̀gìrì. Lẹ́tà b ti na ọrùn sókè tẹ́lẹ̀, g méjèèjì ti na ìrù sísàlẹ̀, àmì ohùn kàn máa wọ inú àyè tó ti wà níbẹ̀ ni. Orúkọ náà lè tóbi báyìí láìsí ìjàǹbá. Lẹ́tà kékeré lèmi máa mú. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ yọ àmì kúrò nítorí ẹwà.

Ìlà àti òpó

A4 jẹ́ mílímítà 210 sí 297. Fi 15 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pín ìyókù sí òpó mẹ́ta tí mílímítà 5 wà láàrin wọn. Òpó kan á jẹ́ 56 ó lé díẹ̀. Fi í sórí master page, ojú-ewé àwòṣe tí àwọn yòókù ń tẹ̀ lé, kí nọ́ńbà ojú-ewé lè máa jáde fúnra rẹ̀. Ó tán.

Fọ́tò

Àmàlà dúdú. Ohun tó ń ba fọ́tò rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Tí o bá gbé e sínú abọ́ dúdú lábẹ́ gílóòbù, tí o tan fíláàṣì, wàá rí nǹkan kan tó ń dán bí ọ̀dà. Ní kí ìyá alámàlà bu tìrẹ sínú abọ́ funfun tàbí ti tánganran, gbé e sítòsí ẹnu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, pa fíláàṣì, kí o sì yà á kí gbẹ̀gìrì tó dì lórí. Àwọ̀ òfeefèé yẹn àti ewé tútù ewédú ló máa gbé fọ́tò náà.

Fún èèpo iwájú, gbé fóònù rẹ dúró lóòró, kí o sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ lókè orí ẹni tí ò ń yà, ògiri lásán tàbí èéfín, torí pé ibẹ̀ ni orúkọ máa jókòó. Fọ́tò tí orí èèyàn ti kan òkè kò ṣe é lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dára jù. Gba àyè kí o tó yà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò yín sínú rẹ̀.” Tó bá kọ̀, ó parí. Tó bá gbà, ní kó wo inú kámẹ́rà. Ojú tó ń wo òǹkàwé máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ sórí ìwé. Má sì lọ gbé fọ́tò lórí Google. Ó ní ẹni tó ni ín, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 sì wà ní Nàìjíríà.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Bébà ń fẹ́ 300 pixel, ìyẹn àwọn ẹyọ kínkín tó para pọ̀ di fọ́tò, nínú ínṣì kan. Kí fọ́tò tó lè kún A4, ó gbọ́dọ̀ tó 2480 sí 3508 pixel. Èyí tí o gbà sílẹ̀ lórí Instagram, tó fẹ̀ ní 1080, kò lè kọjá sẹ̀ǹtímítà 9 lórí bébà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí bàìbàì. WhatsApp náà máa ń fún fọ́tò pọ̀. Nítorí náà, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document.

Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà àti àwọ̀ bébà yàtọ̀. RGB, ìyẹn pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ni ìmọ́lẹ̀ ń lò; CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí K jẹ́ dúdú nínú wọn, ni tàdáwà. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yẹ̀rì lójú ẹ̀rọ máa ń rẹ̀ dòdò tó bá dé orí bébà, ẹ yí fọ́tò padà ní kùtùkùtù kí ojú yín lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ inú òpó, dúdú kan ṣoṣo ni kó jẹ́, K 100, kí òun nìkan dá dúró. Tí ẹ bá fi àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po dúdú fún lẹ́tà kékeré, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá yẹ̀ díẹ̀ péré, àmì ohùn máa di méjì-méjì.

Ohunkóhun tó bá kan etí bébà, ẹ jẹ́ kó kọjá mílímítà 3 síta. Bleed ni wọ́n ń pè é, A4 yín á wá di 216 sí 303. Ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ojú-ewé, kí wọ́n jìnnà sí etí tó mílímítà 10, torí pé tí wọ́n bá ṣẹ́ ìwé po, ojú-ewé àárín máa ń yọ síta díẹ̀, ọ̀bẹ sì máa gé e.

PDF ni kí ẹ gbé fún atẹ̀wé, pẹ̀lú fọ́ǹtì nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti Ṣómólú, ní Èkó, títí dé ìlú yín, máa ń fẹ́ ṣí i nínú CorelDRAW. Tí fọ́ǹtì yín kò bá sí lórí ẹ̀rọ rẹ̀, gbogbo ẹ̀ àti ọ̀ lè yí padà, òun kò sì ní mọ̀, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti kà á. Tó bá ta kú pé CorelDRAW ni, ẹ fún un ní ẹ̀dà tí ẹ ti sọ lẹ́tà rẹ̀ di curves, ìyẹn àwòrán tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́. Fún ẹ̀dà mẹ́wàá tàbí ogún, DI, ìyẹn títẹ̀ tààrà láti orí kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ béèrè. Ẹ̀rọ tó ń lo pèlétì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà ni ó ń yẹ. Bébà art paper 115 tàbí 135 gíráàmù fún inú, 250 fún èèpo. Kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀, gba ẹ̀dà kan ṣoṣo, ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yín kà á. Ojú yín ti mọ́ àṣìṣe yín lára. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ ti parí ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ ìgbéwọlé tó pé, torí pé iná lè lọ ní ilé ìtẹ̀wé bó ṣe ń lọ ní họ́sítẹ́lì.

Ìjábọ̀ tó máa bá a lọ

Olùkọ́ máa ń béèrè ìwé ìjábọ̀, máàkì sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn á kàn máa sọ pé “a yan àwọ̀ òfeefèé torí ó fani mọ́ra”. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tọ́jú ìwé kékeré onípẹ́ńsù yẹn, kí o sì máa ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ìpinnu padà. Gbé GBẸ̀GÌRÌ ti lẹ́tà ńlá sí ẹ̀gbẹ́ gbẹ̀gìrì ti lẹ́tà kékeré, kí o kọ ìdí tí ẹ fi fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn méjì. Kọ ohun tí ẹni tí ẹ ní ó máa kà á sọ nígbà tí ẹ gbé e lé e lọ́wọ́, pàápàá èyí tí kò dùn mọ́ yín. Tẹ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ wo síbẹ̀, kí ẹni tó sùn nílé má baà gba máàkì ẹni tó lọ jókòó ti atẹ̀wé.